Títọ́jú Sàréè Ẹni Tí Kò Bá Wa Tan

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún ìjíròrò yín ní oṣù yìí dá lé iṣẹ́ kan tí kì í mú owó wọlé, tí ìyìn rẹ̀ kò sì pọ̀. Iṣẹ́ náà ni pé kí ènìyàn dìde ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kí ó gbé garawa omi àti àdá, kí ó lọ tún sàréè ológun kan ṣe, ológun tí kì í ṣe baba rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó sì lè jẹ́ pé èdè wọn kò tilẹ̀ pa pọ̀. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ mìíràn ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya níhìn-ín mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn kú sí ìlú tí a kò bí i sí.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nítorí èyí ni a ṣe máa ń dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ wa nígbà tí ẹnì kan bá ṣaláìsí, tí a ó wá ọkọ̀, tí a ó sì gbé e la ọ̀nà jíjìn lọ sí ìlú baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ológun kò ní irú àǹfààní yìí. Ibi tí ọta ìbọn bá ti bá a ni a sábà ń sin ín sí. Ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbẹ́ ilẹ̀, òun náà yóò sì tún dìde bá ogun lọ. Ta ni yóò wá ro koríko ibẹ̀ ní ọdún tí ń bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ilẹ̀ Nẹ́dálándì, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Họ́lándì. Ní gúúsù ilẹ̀ náà, ní agbègbè Limburg, abúlé kékeré kan wà tí a ń pè ní Margraten. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lé àwọn ará Jámánì kúrò ní agbègbè náà. Kí ó tó di òpin ọdún, wọ́n gba ilẹ̀ oko níbẹ̀ láti fi sin òkú wọn, nítorí ogun ṣì ń jà ní ìtòsí, ní ojú ààlà Jámánì. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kó òkú dé.

Ta ni ó gbẹ́ àwọn sàréè náà? A fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ níhìn-ín. Àwọn ológun aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà ni, ẹgbẹ́ tí à ń pè ní 960th Quartermaster Service Company. Ní ìgbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà ya ológun dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Wọn kì í jọ sùn, wọn kì í jọ jẹun, iṣẹ́ ẹrù rírù àti ilẹ̀ gbígbẹ́ ni wọ́n sì kó lé púpọ̀ nínú àwọn dúdú lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Jefferson Wiggins, ọmọ ìpínlẹ̀ Alabama, jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Nígbà tí ó di arúgbó ni ó tó ròyìn bí ó ti rí: òjò, ẹrẹ̀, òtútù, ṣọ́bìrì àti díágà, àti òkú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a tò sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ihò. Ó ní àwọn kan ń sunkún bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó di olùkọ́, ó tún padà lọ wo Margraten ní ọdún 2009, ó sì kú ní ọdún 2013. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: àwọn tí a kò gbà láyè láti bá funfun jókòó sí ìdí tábìlì kan ni ó fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ funfun sí ilẹ̀. Nínú ilẹ̀ náà, dúdú àti funfun wà ní orí ìlà kan náà.

Kò pẹ́ tí àwọn ará abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, kí ogun tó parí, wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Àlùfáà ibẹ̀ àti akọ̀wé ìlú wà lára àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀. (Inú wa dùn láti rí i pé akọ̀wé wà níbẹ̀, nítorí àwọn ará a máa rò pé iṣẹ́ wa kò ju kí a ka ìwé ìpàdé àtẹ̀yìnwá lọ.) Ìpinnu wọn ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba sàréè kan tọ́, bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ní ọjọ́ ìrántí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun, a fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òdòdó jọ láti abúlé dé abúlé, àwọn ènìyàn sì wọ́ wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ní ilẹ̀ tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di aláìní.

Kí ni ẹni tí ó gba sàréè tọ́ ń ṣe? Kò tóbi. Yóò mú òdòdó lọ ní ọjọ́ ìrántí, tàbí ní ọjọ́ tí a bí ológun náà, tàbí ní ọjọ́ tí ó kú. Yóò wádìí irú ènìyàn tí ó jẹ́. Yóò kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, yóò sì fi àwòrán sàréè náà sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wà tí ẹsẹ̀ wọn kò kan Nẹ́dálándì títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ orúkọ obìnrin tí ń gbá ìdí òkúta ọmọ wọn. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá di arúgbó, yóò fà á lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà yóò sì fà á lé ọmọ tirẹ̀. Títí di òní, gbogbo sàréè ibẹ̀ ni ó ní alágbàtọ́, àwọn mìíràn sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró kí àyè ṣí.

Lẹ́yìn ogun, ìjọba Amẹ́ríkà bi ìdílé kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé kí a gbé e wálé ni, tàbí kí ó máa sùn níbẹ̀? Ẹgbẹ́ wa mọ irú ìbéèrè yìí dáadáa, a sì mọ bí ó ti ń ya ìdílé sí méjì. Èyí tí ó pọ̀ jù ní kí a gbé tiwọn wálé. Nǹkan bí 8,300 ni ó kù sí Margraten, orúkọ 1,722 sì tún wà lára ògiri, ti àwọn tí a kò rí òkú wọn. Àwọn orúkọ ara ògiri yẹn pàápàá, àwọn ènìyàn ń gbà wọ́n tọ́. Láti ọdún 2015, ní ọdún méjì-méjì, wọ́n tún ń gbé àwòrán ojú àwọn tí ó sùn níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta wọn fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń kọjá lè rí i pé ọmọdé ni púpọ̀ wọn.

Iṣẹ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Margraten. Ìtàn kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo aláwọ̀ dúdú mọ̀. Ní ìlú Charleston, ní South Carolina ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pápá kan wà tí àwọn olówó ti máa ń fi ẹṣin sáré ìje. Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà, tí ó jà láti ọdún 1861 sí 1865, àwọn ará Gúúsù, tí wọ́n ń jà kí oko ẹrú má bàa parẹ́, sọ pápá yìí di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún àwọn ológun Àríwá tí wọ́n mú. Ìta gbangba ni wọ́n ń sùn. Ó kéré tán, 257 nínú wọn kú, a sì kó wọn dà sínú ihò ní ẹ̀yìn ibi tí àwọn òǹwòran ti máa ń jókòó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gúúsù sá kúrò ní ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1865, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù síbẹ̀ jẹ́ ẹrú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di òmìnira. Wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò ní owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí a ta ọmọ wọn sí. Síbẹ̀, ọkùnrin 28 nínú wọn lọ sí pápá náà, wọ́n hú àwọn òkú wọ̀nyẹn jáde, wọ́n sì tún wọn sin lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n fi pákó ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, wọ́n kun ọgbà náà ní ẹfun, wọ́n sì kọ ọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà pé ajẹ́rìíkú ni àwọn tí ó sùn níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1865, nǹkan bí 10,000 ènìyàn tò lọ sí pápá náà. Àwọn ọmọ ilé ìwé bí 3,000 ni ó ṣíwájú pẹ̀lú òdòdó róòsì ní ọwọ́, àwọn ìyá tẹ̀lé wọn, lẹ́yìn náà ni ó tó kan àwọn ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n fi kọjá tán, a kò rí erùpẹ̀ sàréè mọ́, òdòdó ti bò ó. Ẹ kíyè sí i pé funfun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sin. Wọn kò bi òkú léèrè àwọ̀ rẹ̀.

Ó ju 100 ọdún lọ tí ìtàn yìí fi sọnù. Àwọn tí ó ni ìlú náà lẹ́yìn ìgbà náà kò fẹ́ rántí rẹ̀, àfi ìgbà tí onímọ̀ ìtàn David Blight rí i nínú àwọn ìwé àtijọ́ ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1868 ni ọ̀gágun John Logan pàṣẹ pé kí àwọn ológun àná máa fi òdòdó sí orí sàréè ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, láti ibẹ̀ ni ọjọ́ ìrántí gbogbo Amẹ́ríkà sì ti wá. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ ni ó ń jiyàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa kò ní dá sí ìjà wọn.

Ní kúkúrú, ẹ gbọ́ ti Arlington náà, itẹ́ ìsìnkú àwọn ológun lẹ́bàá Washington, níbi tí àwọn tí ó ju 400,000 sùn sí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, oníṣòwò kan láti ìpínlẹ̀ Maine, Morrill Worcester, rí i pé ẹgba ewé àti òdòdó 5,000 kù sílẹ̀ tí òun kò tà. Ó gbé wọn lọ sí Arlington, a sì fi wọ́n sí ìdí àwọn òkúta tí ènìyàn kì í sábà bẹ̀ wò mọ́. Láti inú ọjà tí ó ṣẹ́kù yẹn, ó ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń fínnúfíndọ̀ ṣe ní oṣù Kejìlá kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún itẹ́ ìsìnkú. Ohun kan wù wá nínú ètò wọn: a ní kí ẹni tí ó bá gbé òdòdó lélẹ̀ pe orúkọ tí ó wà lára òkúta náà sókè kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó lè pe orúkọ, orúkọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1917, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, èyí tí a ń pè lónìí ní Commonwealth War Graves Commission, láti máa tọ́jú sàréè àwọn ológun ilẹ̀ ọba. Ìlànà wọn dára: ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, olówó àti tálákà, irú òkúta kan náà ni kí wọ́n ní, kí a sì kọ orúkọ olúkúlùkù. Ní Yúróòpù, wọ́n mú un ṣẹ. Ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn aláàárù sì bá wọn ru ẹrù títí àárẹ̀ àti àìsàn fi pa púpọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, bóyá tó 350,000 pàápàá, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí kankan, tàbí tí a kò tilẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Gómìnà Gold Coast ti sọ ní ọdún 1923 pé ọmọ ilẹ̀ náà kò lè mọ rírì òkúta sàréè. Gómìnà yẹn kò bi ìyá kankan léèrè. Ìgbìmọ̀ náà tọrọ àforíjì ní ọdún 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì tọrọ tirẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ní ti ogun Hítílà, àwọn baba wa lọ sí Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, ibi ìrántí ńlá kan wà tí a kọ orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 sí, orúkọ àwọn tí a kò mọ ibi tí wọ́n sùn sí, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìbá wà lára wọn. Ní ọdún 1944 ni ìbọn bà á ní àfonífojì Kaladan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú yí i ká nínú igbó. Àwọn ará abúlé Mùsùlùmí ibẹ̀, tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí ewu sì wà fún wọn bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, ni ó ń gbé oúnjẹ tọ òun àti ọmọ Sàró kan lọ fún nǹkan bí oṣù 9, títí a fi wá gbà wọ́n. Ó padà wálé, ó kọ ìtàn náà sínú ìwé, ó sì kú ní ọdún 2012.

Ẹnì kan lè wí pé, “Ogun òyìnbó ni wọ́n lọ jà, kí ni tiwa níbẹ̀?” Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan gba iṣẹ́ sójà nítorí owó, àwọn kan nítorí pé ọba wọn ní kí wọ́n lọ, àwọn kan kò sì ní ẹnu láti kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lọ tún sàréè ṣe kò yin ogun. Ẹni tí ogun pa ni ó lọ kí. Èyí tí ó le jù fún wa ni ti ogun abẹ́lé tiwa, láti ọdún 1967 sí 1970. Láti ìgbà tí ogun náà ti parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970 ni a ti gbé ọjọ́ ìrántí àwọn ológun wa kúrò ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá wá sí ọjọ́ náà. Nínú àdúgbò kan náà ní Òkè Ọya níhìn-ín, ẹ lè rí ọmọ ẹni tí ó jà ní ìhà kan àti àbúrò ẹni tí ó kú ní ìhà kejì, tí wọ́n jọ ń pọn omi ní ẹnu kànga kan. Èrò tiwa ni pé kí ẹni tí ó gbé garawa má ṣe bi òkúta léèrè ìhà tí ó wà.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ náà gan-an, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ yékéyéké, nítorí ìtara láìsí ìmọ̀ a máa ba òkúta jẹ́ ju òjò lọ. Àṣẹ ni ó ṣáájú. Itẹ́ ìsìnkú ológun ní olùṣọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú àdá láìgba àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ń kọ́ àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan òkúta, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ sì ni wọ́n ń lò. Ẹ kọ́kọ́ da omi sí gbogbo ara òkúta náà. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má bàa fa ìlà sí ibi tí ó gbẹ, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án. Ẹ má lo Jik. Yóò wọ inú òkúta lọ, yóò gbẹ bí iyọ̀, iyọ̀ náà yóò sì máa ti òkúta fọ́ láti inú wá. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, nítorí yóò ha lẹ́tà orúkọ jẹ, irin tí ó bá sì kù sí ara òkúta yóò dípẹtà. Bí ohun tútù tí ń hù lára òkúta bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, pákó pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Koríko tí ó bá sún mọ́ òkúta, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu ú, ẹ má fi àdá bẹ́ ẹ. Bí òkúta bá ti sán, ẹ má fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún olùṣọ́. Kí ẹ sì kó agolo òdòdó àtijọ́ kúrò, nítorí ẹ̀fọn ń pamọ sínú omi rẹ̀.

Ní ti kíkùn, àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a kun ohun gbogbo ní funfun bí ọdún bá ti ń bọ̀. Ọgbà ni àwọn ará Charleston kùn. A ti rí sàréè, kì í ṣe ti ológun nìkan, tí a ti kùn títí orúkọ fi rì sínú ọ̀dà, tí kò sí ẹni tí ó lè kà á mọ́ àfi ẹni tí ó sin ín, ẹni náà sì ti kú. Bí àwọn ọmọdé bá bá yín lọ, kí wọ́n máa ka orúkọ náà sókè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà lára òkúta, láìtún un ṣe.

Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ olúkúlùkù yín ní ilé. A ti ṣí ìwé orúkọ kan ní ọ́fíìsì wa fún àwọn mọ̀lẹ́bí yín tí ó ṣe sójà tàbí aláàárù, pàápàá àwọn tí kò padà. Ìwé orúkọ ti ìgbìmọ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tí ó ju 1,700,000 lọ ni ó wà nínú rẹ̀, a kò sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wá ènìyàn rẹ̀. Kí ẹ mọ̀ pé bí ó ti dún ní etí akọ̀wé òyìnbó ni ó kọ orúkọ àwọn baba wa. Ọ̀pọ̀ ni a kò kọ orúkọ baba wọn rárá, orúkọ ìlú ni a fi kún un, bí ìgbà tí a bá kọ Lawani Ibadan. Nítorí náà, ẹ sọ gbogbo orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ fún wa, oríkì rẹ̀, orúkọ ìlú àti abúlé rẹ̀, àti ọdún tí ó wọṣẹ́ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí a kò bá rí i, ìgbìmọ̀ náà ń gba ẹ̀rí: ìwé ìdásílẹ̀, ìwé owó oṣù, nọ́ńbà ológun, lẹ́tà tí ó kọ ránṣẹ́ láti ojú ogun. Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́, ni ọ́fíìsì ń ṣí. Ẹ mú ìwé náà wá bí ó ti wà nínú àpótí. Bí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.